Poon Hill ní ọjọ́ márùn-ún: ṣé ẹni tó jẹ́ AS lè gùn ún?

Àdùnní_Leeds · 11 oṣù kẹjọ, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Mo pé ọmọ ọdún 49 lóṣù tó kọjá. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wo àwòrán òkè Himalaya nínú ìwé jọ́gíráfì, mo sì ti pinnu pé kí n tó pé àádọ́ta, ẹsẹ̀ mi á tẹ ibẹ̀. N kò wá Everest. Poon Hill ni mò ń wò, ní agbègbè Annapurna ní Nepal. Ó ga tó 3,210 mítà, a sì lè lọ kí á sì bọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún láti ìlú Pokhara. Ilé àlejò la ó máa sùn, kò sí pé à ń pàgọ́. Àbúrò mi ọkùnrin á wá pàdé mi láti Ìbàdàn, ìparí oṣù kẹwàá la fi sí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé AS ni mí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé AS kì í gun òkè gíga, pé ẹ̀jẹ̀ á dì. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti lọ? Báwo lọ̀nà náà ṣe le tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Pune · 11 oṣù kẹjọ, 10:02 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú ìpinnu. Mo lọ ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, èmi àti ọmọ kíláàsì mi méjì. N kò ní fẹnu sí ọ̀rọ̀ AS, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dáhùn. Ọ̀nà ni mo lè sọ.

Ọkọ̀ ló máa ń gbéni láti Pokhara dé Nayapul, ibẹ̀ kò sì ga ju nǹkan bí 1,070 mítà lọ. Àwa fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Tikhedhunga, a sì sùn síbẹ̀. Ọjọ́ kejì niṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ti kọjá afárá báyìí, àtẹ̀gùn òkúta bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní 3,000, ó sì ń lọ títí ẹ ó fi dé Ulleri. Wọn kò gbẹ́ àwọn òkúta náà dọ́gba: òmíràn kò ju ìka mẹ́rin lọ, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Lẹ́yìn Ulleri, ẹ ó wọ inú igbó, ẹ ó kọjá Banthanti àti Nangethanti kí ẹ tó sùn ní Ghorepani, tó ga tó nǹkan bí 2,870 mítà. Lọ́jọ́ kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó gun Poon Hill fúnra rẹ̀. Wákàtí kan ni fún ẹni tó bá ń rọra lọ. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, ẹ ó sì kọrí sí Tadapani. Ghandruk ló kàn, ibẹ̀ lẹ ó ti wá ọkọ̀ padà.

Nígbà tí àwa lọ, ṣe ni igbó yẹn pupa fòò. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní laligurans, òdòdó rẹ̀ ni òdòdó orílẹ̀-èdè Nepal, oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ló sì máa ń tanná. Ẹ̀yin kò ní bá òdòdó lóṣù kẹwàá, àmọ́ ojú ọ̀run á mọ́ ju tiwa lọ, torí òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹfà á ti fọ eruku dànù.

Ẹ kíyè sí ọdún Dashain o. Òun ló tóbi jù lọ́dọ̀ wọn, oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ló sì máa ń bọ́ sí. Bí Iléyá ṣe máa ń kó gbogbo ayé padà sílé lọ́dọ̀ wa ni tiwọn náà ṣe rí, ẹ kò ní rí ààyè nínú bọ́ọ̀sì.

ỌmọÌdànrè · 12 oṣù kẹjọ, 6:40 àárọ̀

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀gbọ́n. Àtẹ̀gùn tó lé ní 3,000! Èmi tí wọ́n bí sẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè, tiwa lé ní 600, mo sì ti rí àwọn àlejò tó jókòó sunkún níbi ìsinmi kejì. Ẹ fi ojú márùn-ún Ìdànrè wo òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Kí àbúrò yín tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ ní kí ó wá sí Ìdànrè fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ó gbé báàgì tó fẹ́ gbé lọ. Ó ní ohun tí n óò fi yé e: gígùn kọ́ ló ń ba orúnkún jẹ́, sísọ̀ ni. Ẹni tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni orúnkún á bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì ra ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì-méjì. Ẹ tì í wọlé kí ó kúrú nígbà tí ẹ bá ń gùn, ẹ fà á gùn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 12 oṣù kẹjọ, 1:25 ọ̀sán

Àdùnní, ẹ kú ìfẹ́ ìlera ara yín. Ọdún 22 ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ náà sí méjì, nítorí àwọn ènìyàn ń pa á pọ̀, ó sì ń dẹ́rù ba ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù, ó tún ń fi ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù lọ́kàn balẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ní 3,200 mítà, ọ́síjìn tí èémí kan ń gbé wọlé kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí à ń mí létí òkun lọ. Àìtó ọ́síjìn yẹn gan-an ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn tẹ̀ bíi dòjé, kó sì dí òpó ẹ̀jẹ̀. Mo ti di ọwọ́ ọmọ ọdún 19 mú nínú irú ìrora yẹn láti alẹ́ mọ́jú. Kò sí àwòrán òkè tó tó o.

AS kì í ṣe àìsàn. Àwọn AS tó ti gun òkè tó ju Poon Hill lọ láìsí wàhálà pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín kò parọ́ tán. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Nínú AS díẹ̀, bí wọ́n bá lọ síbi gíga, ẹ̀jẹ̀ kì í dé apá kan ibẹ̀ mọ́, apá náà á sì kú. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó wà nínú ìwé ìṣègùn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ lórí òkè láìmu omi ni ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù fún.

Nítorí náà, ẹ lọ bá dókítà yín kí ẹ tó san owó kankan. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé AS ni yín, ẹ sọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má jẹ́ kí òtútù wọ ara yín, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni díje. Bí ìrora gúnni bá mú yín lábẹ́ ìhà òsì, tí èébì tàbí ibà tẹ̀ lé e, ìrìn ti parí nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn. Ẹ má ní kí ẹ sùn mọ́jú wò ó.

Àìsàn òkè gíga lásán, AA náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí 2,500 mítà ló ti lè bẹ̀rẹ̀: orí fífọ́, inú rírú, oúnjẹ kò wọlé, oorun kò kùn. Bí ó bá mú ènìyàn, kò gbọdọ̀ gòkè sí i títí yóò fi lọ. Oògùn Diamox wà fún un, àmọ́ dókítà ni kó kọ ọ́, ẹ má fúnra yín rà á, torí ó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ púpọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston · 12 oṣù kẹjọ, 4:51 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi kan jẹ́ AS, ó sì ń gun òkè kiri ní Colorado. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí i báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Pune · 12 oṣù kẹjọ, 7:18 alẹ́

Ohun kan tí mo gbàgbé. Àǹtí, bí ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì lẹ bá ń lò, ẹ lè gba físà ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu: 30 dọ́là fún ọjọ́ 15, 50 dọ́là fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àmọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí Nepal kì í fún ní físà lẹ́nu ibodè. Dandan ni kí àbúrò yín ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Nepal kí ó tó wọkọ̀. Delhi ni mo ti gba tèmi. Mo rí ọmọ wa kan tí wọ́n dá padà nítorí èyí, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣòfò. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba wọn tún ti pàṣẹ pé kí àjèjì má dá rìn láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ ó tún san 3,000 rúpì Nepal fún ìwé ìwọlé agbègbè ìdáàbòbò Annapurna.

ỌmọÌdànrè · 12 oṣù kẹjọ, 8:05 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ alábàárù ni mo fẹ́ mú wá. Mo ti rí fọ́tò àwọn tó ń gbé ẹrù fún àwọn arìnrìn-àjò lórí òkè wọ̀nyẹn. Apẹ̀rẹ̀ ńlá ló wà lẹ́yìn wọn, okùn rẹ̀ sì gba iwájú orí kọjá, iwájú orí ló ń ru gbogbo ẹrù náà. Èmi kò lè jẹ́ kí ọmọ ènìyàn gbé aṣọ mi gun àtẹ̀gùn 3,000 nígbà tí èmi ń fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó gbé ẹrù rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston · 12 oṣù kẹjọ, 10:33 alẹ́

Àbúrò, mo gbọ́ ohun tí o sọ, ọkàn rere ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi tà ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò lo alábàárù. Bí gbogbo oníṣòwò bá ní àánú àwọn ṣe òun, tí oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀, ebi ló máa pa alábàárù. Ohun tí màmá mi kì í ṣe ni kó di ẹrù tí ọrùn kò lè gbé, kì í sì yọ owó rẹ̀. Kí Àdùnní gbà wọ́n síṣẹ́, kí ó wọn ẹrù náà kó má ju kílò 20 lọ fún àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó wò ó bóyá ọkùnrin náà ní bàtà àti aṣọ òtútù, kí ó sì fi ìlọ́po lé owó rẹ̀ bí ó bá ṣe dáadáa.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 13 oṣù kẹjọ, 7:02 àárọ̀

Fún AS, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Àdùnní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo. Omi, aṣọ òjò àti oògùn rẹ̀ tó fún ẹ̀yìn rẹ̀.

ỌmọÌdànrè · 13 oṣù kẹjọ, 7:30 àárọ̀

Tí ó bá jẹ́ báyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣé, mà.

Bàbá_Táyé · 15 oṣù kẹjọ, 5:47 ìrọ̀lẹ́

Àdùnní ọmọ mi, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n kò lè gun òkè mọ́. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́.

Bàbá mi lọ sí ogun Bọ́ma. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló wà, àwọn tó wọ àfonífojì Kaladan ní 1944. Kò sí ọkọ̀ lọ́nà igbó yẹn, orí làwọn alábàárù ológun fi ń ru ọta àti oúnjẹ. Bàbá mi wà lára wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ológun ní India, ó sì bá ọmọ ogun Gọ́kà kan, ìyẹn àwọn ọmọ Nepal tó ń jagun fún Gẹ̀ẹ́sì, nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ ọkùnrin yẹn a máa bù nínú oúnjẹ rẹ̀ fún un. Títí bàbá mi fi kú, bó bá ń ṣe àdúrà fún àwọn tó ṣe é lóore, á ní, "àti Gọ́kà yẹn."

Mo kà á pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Gurung àti Magar ní Nepal ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gọ́kà, ìlú Gurung sì ni Ghandruk tí ẹ fẹ́ sùn. Bí o bá rí àgbàlagbà kan níbẹ̀, bá mi kí i.

Àdùnní_Leeds · 15 oṣù kẹjọ, 9:20 alẹ́

Bàbá, mo gbọ́, sà. Màá kí wọn.

Dókítà ti rí mi. Ó ní kí n lọ, ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ gan-an ló tún sọ. Àbúrò mi náà ti fi ìwé sílẹ̀ fún físà.

Àdùnní_Leeds · 6 oṣù kọkànlá, 8:11 alẹ́

Ẹ̀yin ará, a ti dé. Ara le, ẹ bá mi yin Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, torí òun ni mo rò jù kí n tó lọ. Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Magar, ní ká má sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń gùn, kí a máa ka èémí. Àtẹ̀gùn kan, èémí kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbaaka ń kọjá tàwọn ti ṣaworo lọ́rùn, wọ́n di sìlíńdà gáàsì àti àpò ìrẹsì mọ́ wọn lẹ́yìn, a sì ń fara mọ́ ògiri òkè fún wọn. Ẹ má ṣe dúró sí ìhà ọ̀gbun láéláé bí ìbaaka bá ń bọ̀, ẹrù rẹ̀ lè ti ènìyàn ṣubú. Wákàtí méjì àbọ̀ ló gbà wá dé Ulleri. Àbúrò mi, ẹni tó gun Ìdànrè lẹ́ẹ̀mẹfà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, lè lo ìdajì àkókò yẹn, àmọ́ ẹ̀yìn mi ló ń tẹ̀ lé.

Ní Nangethanti ni ẹ̀rù bà mí. Nǹkan gún mi lábẹ́ ìhà òsì. Mo dúró gbagidi. Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ ló ń padà sí mi lọ́kàn. Mo sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀, n kò tijú. Ó ní kí n jókòó, ó sì bọ́ báàgì lẹ́yìn mi. Bí ó ṣe bọ́ ọ báyìí ni ìrora náà rọlẹ̀: ìdè báàgì, irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀, ti ń tẹ egungun ìhà mi láti àárọ̀, ojú ibẹ̀ ti pọ́n. A ṣì jókòó fún wákàtí kan. Mo mu lítà omi kan tán. Kò sí èébì, kò sí ibà, ìrora kò padà. A tẹ̀ síwájú. Bí ó bá padà ni, ilé ni à bá kọrí sí, mo ti sọ fún àbúrò mi, ó sì gbà.

Afinimọ̀nà sọ fún wa pé "ghore" jáde láti inú ọ̀rọ̀ ẹṣin, omi sì ni "pani". Omi ẹṣin ni Ghorepani, ibi tí àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí agbègbè Mustang ti ń fún ẹṣin wọn lómi. Mo fẹ́ràn ìlú tó bá ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Alẹ́ ibẹ̀ tutù wọ egungun. Gbogbo wa pagbo yí sítóòfù igi kan ká tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù ṣe, ìbọ̀sẹ̀ gbogbo ayé ń gbẹ lórí wáyà lókè rẹ̀. Ìyá onílé bu dal bhat fún wa: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà pẹlẹbẹ kékeré tó ń jẹ́ dal, ẹ̀fọ́, àti ohun kíkan kan létí àwo. Bí o bá jẹ ẹ́ tán, á tún bu òmíràn sí i láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ó bá mi rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ó ní kí n gbé e sẹ́sẹ̀ nínú àpò ìsùn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, oorun ọmọ ọwọ́ ni mo sùn.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 40 la jáde, tọ́ọ̀ṣì lórí. Ìràwọ̀ pọ̀ débi pé mo kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mò ń wòkè. Nígbà tí a dé orí Poon Hill, òkùnkùn ṣì wà nísàlẹ̀. Dhaulagiri ló kọ́kọ́ gba ìmọ́lẹ̀, òun tó ga tó 8,167 mítà: ṣóńṣó rẹ̀ nìkan pọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka kan lo osùn sí i. Osùn náà wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára yìnyín. Annapurna South gba tirẹ̀, Machhapuchhre tẹ̀ lé e. Àbúrò mi tó ń sọ̀rọ̀ láti Pokhara kò lè sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú bíi ti kékeré wa.

Machhapuchhre yẹn, 6,993 mítà ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gùn ún. Òrìṣà Shiva ni wọ́n ní ó ni ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì dúró níbi tó kù díẹ̀, torí àdéhùn tí wọ́n ti ṣe. Ìjọba sì ti òkè náà pa. Inú mi dùn sí i gan-an. Àwa tí a mọ Òkè Ìbàdàn mọ̀ pé òkè lè jẹ́ ẹni tí à ń kí, tí a kì í tẹ̀ lórí.

ỌmọÌdànrè, òótọ́ lẹ sọ nípa orúnkún. Ọ̀nà Tadapani sí Ghandruk ló rán mi létí yín. Alábàárù wa gbé kílò 17, a wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀.

Bàbá Táyé, mo fi tiyín sẹ́yìn nítorí ó wọ̀ mí lára. Ní Ghandruk, ilé olókùúta ni a dé sí, òrùlé rẹ̀ náà òkúta pẹlẹbẹ ni. Bàbá onílé ti lé ní 70, ó ti sin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí Gọ́kà, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Mo kúnlẹ̀ bí obìnrin ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, mo jíṣẹ́ yín fún un, láti orí àfonífojì Kaladan dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní bàbá tòun náà lọ sí Bọ́ma, ó padà wálé, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ó wọlé, ó gbé ọ̀bẹ kukri bàbá rẹ̀ jáde, èyí tó tẹ̀ lẹ́nu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé kí ni orúkọ ọmọ Nàìjíríà yẹn. N kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ojú tì mí pé n kò béèrè kí n tó lọ. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì ṣèlérí pé màá fi orúkọ náà ránṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 6 oṣù kọkànlá, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ̀rọ̀ jáde. Ẹ bá mi kí dókítà yín.

Bàbá_Táyé · 7 oṣù kọkànlá, 5:15 àárọ̀

Àdùnní, n kò sùn láti alẹ́ àná. Àkànní ni wọ́n ń pe bàbá mi nínú ogun, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń fi kì í ló fi kọ̀wé fún wọn. Sọ fún un pé Àkànní ni. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì ń kí i.